Fódà Tí Mi Ò Ṣí Rí

Ṣọ́ọ̀bù mi ò gbà ju ìjókòó mẹ́ta lọ,
ní Ẹ̀pẹ́, lójú ọ̀nà tó dà lọ sétí ọ̀sà,
níbi tí òórùn ẹja tútù ti ń bá òórùn yíǹkì jà.
Mo ń tẹ̀wé, mo ń ṣe fọ́tókọ́pì, mo ń gba fóònù sí iná.
Àádọ́ta náírà ni ojú ìwé kan, aláwọ̀ jẹ́ igba.
Ohun tí mi ò kọ sára pátákó ni pé
mo tún ń tọ́jú àṣírí àdúgbò, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí níṣẹ́ ọ̀hún.
Wọ́n kàn ń gbé e sílẹ̀ ni,
bí ẹni bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí
tó gbà pé kò sẹ́ni tí yóò wọ̀ ọ́ lọ.
Bẹ́ẹ̀ bàtà ń sọnù ní mọ́ṣáláṣí.
Lọ́jọ́ Jímọ̀ gan-an.

Bàbá Múnírù apẹja gbé fóònù wá,
ó fi sélótéèpù lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀,
nọ́ńbà mẹ́rin, gàdàgbà, báírò pupa,
èyí tó fi ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ.
Ràfátù wọ ímeèlì rẹ̀, ó tẹ ìwé kan,
ó sáré jáde torí ọ̀kadà ń dúró,
ó fi ímeèlì sílẹ̀ gbayawu
bí ilé tí onílé ò tì kó tó lọ oko.
Mo ka ìlà kan. Mi ò ní purọ́.
Mo ka ìlà kan, mo sì tì í.
Ó ti pé ọdún méjì. Tó bá kí mi ní títì,
ìlà yẹn ló ń kí mi.

Fọ́tókọ́pì tó bá bàjẹ́, mi ò kì í ya á.
Ìyá Kúdí ẹlẹ́pà ló ń rà á ní kílò.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ra ẹ̀pà,
mo jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, mo tú bébà náà wò,
ojú ìyá mi ni mo bá pàdé.
Ìyá mi, nọ́ńbà mọ́kànlá lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀,
ọjọ́ tí wọ́n bí i, orúkọ ilé tí wọ́n ti mú un wá,
iyọ̀ lójú, èèpo ẹ̀pà lẹ́nu.
Èyí tó wà lẹ́nu èmi ò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tan jẹnẹrétọ̀,
mo ṣí fódà tí gbogbo nǹkan ń já sí,
tí mi ò ṣí rí láti ọjọ́ tí mo ti ṣílé ìṣẹ́.
Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí ọkọ ò tíì rí.
Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tó máa ń dá mi lẹ́rìn-ín.
Ìwé ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń ṣe, tí àbúrò ò gbọ́.
Wọ́n ní ògiri létí.
Ògiri gbọ́, ó gbàgbé.
Èyí gbọ́, ó kọ déètì sí i.
Mo ń pa wọ́n rẹ́ títí epo fi tán.

Ilẹ̀ mọ́, Bàbá Múnírù dé,
omi ọ̀sà ṣì ń kán lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀.
"Sàúdátù, bébà ẹ̀yìn fóònù mi ti bómi lọ.
Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, báwo la ti ń pè é?"
Mo ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n."
Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà lágbárí
ò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á rẹ́.
Ó wò mí bí ẹni wo olè.
"Ìwọ tí a fi ṣe ẹni tiwa!"
Ó gba òdìkejì títì lọ bá Wàsíù,
ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí a ò mọ ilé bàbá rẹ̀.
Wọ́n jọ pe báńkì, wọ́n ń ṣe nọ́ńbà tuntun.
Mo ń gbóhùn Bàbá níbi tí mo jókòó sí:
"Ọdún tí wọ́n bí mi ni kó o fi sí i,
kí n má baà gbàgbé mọ́!"
Ẹnì kan rẹ́rìn-ín látinú ọkọ̀ ojú omi,
ó ní, "Bàbá, ọdún wo ni?"

Bàbá sì dá a lóhùn.